Ó Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kọ́lé: Ìrántí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ẹgbẹ́ WASU

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́, èyí tí wọ́n fi ń bá ẹni tí ó bá ń fọ́nnu láìṣe ohunkóhun wí. Òwe kìíní ń yin ọ̀rọ̀ ẹnu. Òwe kejì ń fura sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó tọ̀nà jù nínú méjèèjì, kí ó yẹ ìgbésí ayé Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣe iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni ó fi kó ènìyàn jọ, ọ̀rọ̀ ni ó sì fi kọ́ ilé fún àwọn tí kò rí ibi fi orí lé ní ilẹ̀ àjèjì. Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni ó kú ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ikú rẹ̀ ku ọdún méjì àti nǹkan bí oṣù kan kí Nàìjíríà gba òmìnira tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣólàńkẹ́. Ìlú yìí ni ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1976. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó so Abẹ́òkúta mọ́ Èkó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó láyé ìgbà náà, Ìfọ̀ ni yóò gbà kọjá. Mòwé àti Ìbàfò, tí wọ́n wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Ní irú àwọn ìlú wọ̀nyí, bí olùkọ́ bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ fún àríyànjiyàn, tí ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, tí ó fi ẹnì kan ṣe alága, tí ó sì fi ẹlòmíràn ṣọ́ aago, ohun tí ó ń ṣe ní ìtàn. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá kan ti fi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá ìjọba tí ó tóbi jù lọ láyé ìgbà rẹ̀ jiyàn.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní àárín ẹ̀wádún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1880 ni wọ́n bí i. Oládípọ̀ Felix Ṣólàńkẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Andrew ní Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ Àńgílíkà ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Láti ibẹ̀ ó gba ilẹ̀ Sàró lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Nígbà tí ó di 1922 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa.

Kò sí ohun àrà nínú kí ọmọ Yorùbá lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Láti ìgbà ayé Christopher Sapara Williams, tí ó di agbẹjọ́rò ní nǹkan bí 1880, ni iṣẹ́ náà ti jẹ́ ọ̀nà ọlá àti ọ̀nà ọrọ̀ ní Èkó. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé ẹ̀rí, kí ó padà wálé, kí ó ṣí ọ́fíìsì, kí ó sì máa jẹun. Bí Ṣólàńkẹ́ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá ti bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1924 tí ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà.

ÌWÉ KAN TÍ Ó KỌ NÍ 1924

Ní ọdún náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley láti fi ọrọ̀ àti àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ han aráyé. Bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìpàtẹ náà ni ìwé ìròyìn Evening News gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nípa Nàìjíríà. Ó ní kò tíì pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ṣíwọ́ jíjẹ ẹran ènìyàn, àti pé oògùn burúkú ni wọ́n fi ń gbé ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń gbé ní yàrá àyágbé, tí onílé sì máa ń tilẹ̀kùn mọ́ nítorí àwọ̀ ara wọn, mọ ohun tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò fà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa láti fi tako irọ́ náà. Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti jẹ́ ìyàwó Marcus Garvey tẹ́lẹ̀ rí, rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dúró tì í. Ní oṣù keje ọdún 1924 náà, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigerian Progress Union. Wọ́n fi obìnrin náà jẹ Ìyálóde. Ẹ kíyè sí èyí: àwọn ọmọ tí wọ́n jìnnà sílé, tí wọn kò ní ààfin, tí wọn kò ní ọjà, ni wọ́n mú oyè ilé wọn, tí wọ́n fi dá àlejò lọ́lá. Wọ́n fi hàn pé àwọn tí a ń pè ní ẹhànnà ní ètò ìlú tiwọn.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni Ṣólàńkẹ́ fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ó tún ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó lè rí owó oúnjẹ, nítorí pé ìṣẹ́ ń ta á gan-an. Ohun tí ó dùn ún jù lọ ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kò náání èdè náà. Àwọn òyìnbó ń sanwó kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá ń tijú láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ohun àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè Yorùbá.

ORÚKỌ TÍ WỌ́N SỌ ẸGBẸ́ NÁÀ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ ilẹ̀ Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iye wọn jẹ́ mọ́kànlélógún, dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, West African Students' Union. J. B. Danquah, ọmọ ilẹ̀ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, wà lára àwọn tí ó jẹ ààrẹ rẹ̀. J. E. Casely Hayford ni bàbá ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ ni akọ̀wé àgbà. Kò wá ipò iwájú. Ó gba iṣẹ́ tí kì í tán.

Bí a bá kó àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà jọ, WASU ni yóò fún wa. Etí Yorùbá gbọ́ ohun kan nínú èyí tí etí Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́, èyíinì ni wàásù. Ẹgbẹ́ náà kò jẹ́ kí èyí fò ó ru. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà tiwọn ní oṣù kẹta ọdún 1926, Wàásù ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá gbogbo ilé mu, nítorí pé Mùsùlùmí ń wàásù, Ìgbàgbọ́ náà ń wàásù. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń wàásù rẹ̀ ni pé kí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ ìtàn ara rẹ̀, kí ó yéé fi ojú kéré ara rẹ̀, kí ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso sì fìmọ̀ ṣọ̀kan. Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà ni ilẹ̀ mẹ́rin náà. Ní 1927 Ṣólàńkẹ́ kọ gbogbo èrò yìí sínú ìwé kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní United West Africa at the Bar of the Family of Nations. Àkọlé náà dà bí ti agbẹjọ́rò tí ó ń pe ẹjọ́ fún oníbàárà rẹ̀, àfi pé odindi ilẹ̀ ni oníbàárà náà, gbogbo ayé sì ni adájọ́.

Ìpàdé, àsọyé àti àríyànjiyàn ni oúnjẹ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ tí ó ti Èkó tàbí Accra dé, tí kò sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ rí, níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti í dìde, bí a ti í kí alága, bí a ti í gbé ẹ̀rí lé ẹ̀rí, àti bí a ti í gba pé ẹni kejì borí láìbínú. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n padà wálé wá di aṣáájú ìlú ló gba ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí kọjá. H. O. Davies wà lára wọn. Kwame Nkrumah pẹ̀lú jẹ́ igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1945.

BÍ Ọ̀RỌ̀ TI DI ILÉ

Ẹgbẹ́ tí kò ní ilé, asán ni. Ní 1928 Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní West Kensington, ṣùgbọ́n fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ ni. Ohun tí Ṣólàńkẹ́ fẹ́ ni ilé tí yóò jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sùn láìsí pé ẹnikẹ́ni wo àwọ̀ rẹ̀. Kò ní owó. Ẹnu ni ó ní. Ní 1929 ó wọkọ̀ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù títí di 1932.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń ti ìlú dé ìlú. Ó ń bá àwọn ọba sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀. Ibi tí ó bá dé, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń gba owó ìdáwó. Ní 1931 wọ́n tẹ àsọyé rẹ̀ kan jáde ní Èkó lórí òfin ìṣèlú Ẹ̀gbá àti Yorùbá àti bí ó ti dàgbà. A. K. Ajíṣafẹ́, ẹni tí ó ti kọ ìwé lórí òfin àti àṣà Yorùbá, ni ó darí àsọyé náà sí. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ìlú wọn ń jẹ lọ́kàn dojú kọ ara wọn nínú ìwé títẹ̀ lórí ìbéèrè kan tí ó ṣe pàtàkì: báwo ni àwọn Ẹ̀gbá ti ń ṣàkóso ara wọn kí òyìnbó tó dé? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ẹni tí ó bá lè fi hàn pé baba òun ní òfin ti dá gbólóhùn àwọn tí wọ́n ní baba òun ń gbé bí ẹranko lóhùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1933 ni ilé náà ṣí ní Camden Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó rẹ̀. Ọ̀pẹ́olú, obìnrin tí ó fi ṣaya ní àkókò ìrìn-àjò náà, ni ìyá ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òtútù àti àárò ilé ń bá jà rí oúnjẹ ilé jẹ níbẹ̀, ó gbọ́ èdè ilé, ó sì rí àgbà tí yóò bá a wí bí ó bá ṣìwà hù. Paul Robeson, olórin ọmọ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, di ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní 1935. Ní 1938 wọ́n kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní South Villas, ní Camden Square.

ÌJÀ INÚ ILÉ

Kò yẹ kí ẹni tí ń kọ ìtàn bo ohun tí kò dùn mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé tí ó kọjá agbára rẹ̀. Ní 1934 ó ti àwọn kan lẹ́yìn láti ṣí ilé mìíràn tí wọ́n pè ní Aggrey House. Ọ̀rọ̀ náà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí méjì. WASU tẹ ìwé pélébé jáde láti tú àṣírí ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, WASU fúnra rẹ̀ bá ọ́fíìsì náà rìn, ó sì gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan fi èyí bú Ṣólàńkẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó ń bá ìjọba jà kò yẹ kí ó máa jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn. Bí gbígba owó náà bá ti di Ṣólàńkẹ́ lẹ́nu ni, ẹ̀sùn náà ìbá jẹ́ òtítọ́ pátápátá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá ẹnu náà dì tàbí kò dì.

ÌBÉÈRÈ KAN NÍ 1941

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, nígbà tí ogun àgbáyé kejì gbóná, Winston Churchill àti ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí ó wù wọ́n. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Clement Attlee, igbákejì Churchill nínú ìjọba, wá bá WASU sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ìlérí náà wà fún, dúdú àti funfun. Ìwé ìròyìn gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Churchill dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Jámánì gbà ni òun ní lọ́kàn.

Ẹ wo agbára ìpàdé kékeré! Gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn náà sì fipá mú olórí ìjọba láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọmọ Áfíríkà tí ó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba. Wọ́n bèèrè pé kí àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ara wọn nínú ilé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gba òmìnira ní kíkún láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Wọ́n tún bá àwọn aṣòfin tí Reginald Sorensen ṣáájú wọn dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn lè máa dé ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ tí ó gba owó ìjọba ni ó ń bèèrè pé kí ìjọba náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ wọn. Ẹnu Ṣólàńkẹ́ kò dì.

ỌJỌ́ ALẸ́

Láti 1944 dé 1948, Ṣólàńkẹ́ tún rìnrìn-àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé tuntun. Nígbà tí yóò fi padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ayé ti yí. Ogun ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ohùn wọn le sì ti gba ẹgbẹ́. Ọ̀nà àgbà, tí í ṣe kíkọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti bíbá ọba sọ̀rọ̀, kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ipò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ó ti máa ń rí nìyí: ọmọ tí a kọ́ ní ìjiyàn yóò kọ́kọ́ bá ẹni tí ó kọ́ ọ jiyàn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, kí ó ti mọ̀ pé bí ẹ̀kọ́ náà bá yè, òun ni ọmọ náà yóò fi dánra wò.

Kò fi ìbínú padà sílé. Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí ọjọ́ fi lọ. Ó rí òmìnira Gánà ní oṣù kẹta ọdún 1957, lọ́wọ́ Nkrumah tí ó ti jókòó nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ó gbọ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ara rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsíá Nàìjíríà gòkè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, erùpẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bo ọmọ Abẹ́òkúta náà.

OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Èéṣe tí orúkọ rẹ̀ kò fi rinlẹ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ti àwọn aṣáájú yòókù? Ìdí kìíní ni pé kò di ipò ìjọba kankan mú. Ẹ̀dá a sì máa rántí ẹni tí ó jókòó lórí àga ju ẹni tí ó gbẹ́ àga lọ. Ìdí kejì ni pé òkèèrè ni ó ti ṣiṣẹ́. Ìdí kẹta ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun èlò rẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa fò lọ bí afẹ́fẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè ìdánwò lórí rẹ̀, kí ó di nǹkan mẹ́ta mú. Èkíní, láti inú ẹ̀gàn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èébú dá èébú padà. Ẹ̀rí ìtàn àti òfin ni ó fi dá a padà. Èkejì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bí iṣẹ́ kò níláárí, nítorí náà ni ó fi di ọ̀rọ̀ mọ́ owó ìdáwó, tí ó sì di owó ìdáwó mọ́ ilé. Ẹ̀kẹta, ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ sísọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé tí ó wà ní Camden kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà mọ́, ẹgbẹ́ náà kò sì lágbára mọ́ bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde nínú kíláàsì, tí ó kí alága, tí ó kí onídàájọ́, tí ó kí olùṣọ́ aago, tí ó sì la ẹnu rẹ̀ ní èdè Yorùbá láìtijú láti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe ni ó ń bá lọ.